Sàráà Ta Ni?

Ẹnu mi ló kó bá mi ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń rò pé òjò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà sílé, tàbí ẹ̀fọn, tàbí èdè tí mi ò gbọ́. Gbogbo ìyẹn fìyà jẹ mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan péré tí mo fi ẹnu ara mi sọ lọ́sàn-án gangan, tí mo tún fi ẹ̀rín kún un, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ àti ọmọ lọ́wọ́ mi. Ẹnu ẹyẹ ní í pẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pòrofó. Èmi ni òrofó.

Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti lọ́kọ. Ọkọ mi, tó ń hun aṣọ òkè, kú ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí ọmọ wa kan ṣoṣo, Sìdíkátù, ń lọ sí ọdún mẹ́fà. Kò pẹ́ tí ẹbí ọkọ fi ní kí àbúrò rẹ̀, Làmídì, ṣú mi lópó. Làmídì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà ní kékeré, mo sì ti nà án rí nítorí ẹran tó jí nínú ìkòkò. Báwo ni n ó ṣe wá máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olówó orí mi? Mo ní rárá. Wọ́n ní bó bá jẹ́ rárá, kí n kúrò nílé wọn, mo sì kúrò. Mo fi Sìdíkátù sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi, mo tẹ̀lé nọ́ọ̀sì kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ìlú wa rí, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí oko ọ̀pẹ ńlá kan lápá Òkìtìpupa, nílẹ̀ àwọn baba rẹ̀. Ó ní wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́. Oko náà ti kú báyìí, igbó ti gbà á.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àfi ẹni tó bá rékọjá òkun ló dé ilẹ̀ àjèjì. Ní Ìṣẹ́yìn, bí ènìyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ á rìn jìnnà títí á fi kan òkè. Níbi tí mo dé yìí, ojú ò rìn. Ọ̀pẹ níwájú, ọ̀pẹ lẹ́yìn, omi lábẹ́ ẹsẹ̀. Òjò á rọ̀ láàárọ̀, á sinmi díẹ̀ bí ẹni tó lọ jẹun, á tún padà wá. Aṣọ tí mo bá fọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó di Ọjọ́bọ̀ kó tó gbẹ, nígbà náà ó ti bu.

Wọ́n ní Yorùbá ni àwọn náà ń sọ. Mo fetí sílẹ̀ títí, mi ò gbọ́. Ọma ni wọ́n ń pe ọmọ, ìyé ni wọ́n ń pe ìyá, uṣẹ́ ni wọ́n ń pe iṣẹ́, wọ́n á sì sọ ọ́ kíákíá bí ẹni tí òjò ń lé. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n gbọ́, wọ́n á yí i sí Yorùbá ti ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n fi ń ka Bíbélì. Nítorí náà, bí n óò ṣe kọ ọ̀rọ̀ wọn síhìn-ín kọ́ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí etí mi ṣe gbà á ni mo kọ ọ́.

Èmi náà, wọn kò bi mí léèrè orúkọ. Ìyá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń pè mí. Mo ní ará Ìṣẹ́yìn ni mí, wọ́n ní Ọ̀yọ́ kan náà ni.

Ẹni àkọ́kọ́ tó fún mi ní ìjókòó ni Ìyé Mísan, opó bíi tèmi, tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n sì ní kí ó máa ràn mí lọ́wọ́ nílé ìdáná. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo wọ ibi iná rẹ̀, mo rí nǹkan róbótó róbótó lórí àjà, dúdú, wọ́n tó orí ọmọdé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń fi òkúta ṣe lórí iná?" Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mú ọ̀kan sílẹ̀, ó fi ọ̀bẹ họ ẹ̀yìn rẹ̀, inú rẹ̀ sì funfun. Pupuru ni, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n fún, tí wọ́n fi èéfín yan. Ó gún un, ó jọ̀ ọ́, ó rò ó lórí iná, ó fi ọbẹ̀ ẹja sí i. Mo jẹ òkúta náà, mo sì lá ọwọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Ìyé Mísan bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín, á ní kí n wá jẹ òkúta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi ń wá alásè. Ọkùnrin kan nínú àwọn tó ń gé ẹyìn gun ọ̀pẹ láàárọ̀ ọjọ́ kan, òòyì kọ́ ọ lókè, ó já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá sí ọ̀nà méjì. Nọ́ọ̀sì wá ń bi àwọn yòókù ní ohun tí wọ́n jẹ kí wọ́n tó jáde nílé. Ọ̀pọ̀ kò jẹ nǹkan kan. Àwọn tó jẹ, pupuru àná ni pẹ̀lú omi ọbẹ̀, kò sí ẹja, kò sí ẹ̀wà, kò sí ẹ̀fọ́. Àwọn mìíràn sì fi ògógóró díẹ̀ gbé ara dúró. Nọ́ọ̀sì ní kò sí oògùn tí òun fẹ́ fún wọn tó lè ṣe iṣẹ́ oúnjẹ. Ó lọ bá Ọ̀gá Mánijà, ó bá a jà títí ó fi gbà pé kí wọ́n máa se oúnjẹ ọ̀sán fún ogójì agẹyìn lójoojúmọ́: ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ tí àwọn obìnrin ẹ̀yà Ìjọ ń gbé wá láti etí omi, ẹ̀fọ́, àti ọsàn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èkùrọ́ wá, wọ́n wọn olúkúlùkù, kí wọ́n lè mọ̀ bí ara ń gbà á.

Ọ̀gá Mánijà kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìkòkò tó bá ń padà wálé bó ṣe lọ, n kò ní ra igi ìdáná fún un mọ́. N ó ti ibẹ̀ pa."

Nọ́ọ̀sì pe gbogbo wa jọ, ó sì wàásù. Ó ní, "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni tí mo bá rí pé ó ń ṣiṣẹ́ lóko yìí láìjẹun, olúwa rẹ̀ á lọ sílé." Gbogbo ènìyàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni, itọ́ sì ti gbẹ mọ́ mi lẹ́nu, nítorí ọjọ́ kejì ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Bí mo ṣe rí i, kò sí mùsùlùmí mìíràn lóko náà. Ìjọ Aládùúrà ló pọ̀ níbẹ̀, aṣọ funfun lọ́jọ́ ìsinmi, agogo, orin. Ẹ̀rù bà mí pé bí Nọ́ọ̀sì bá gbọ́ pé ẹni tí òun gbà láti gbógun ti ebi ń febi pa ara rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, yóò wá ẹlòmíràn. Mo ń jẹ sàárì mi kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ń fi ìkòkò kékeré ti ara mi ṣínu nínú yàrá, mo sì ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí oúnjẹ jinná, ogójì ọkùnrin wá pẹ̀lú abọ́ wọn, wọ́n dúró lókèèrè, ojú ń ti wọn. Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣáájú. Èmi tí mi ò lè rí ojú tó le kí n má fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín, mo gbé ṣíbí ìpọnbẹ̀ sókè, mo kígbe: "Ẹ wá gba sàráà o! Ọ̀fẹ́ ni!"

Ní ilé wa, pàápàá nínú oṣù ààwẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé á sáré, àwọn àgbà á ṣàdúrà. Níbí, ogójì ojú le sí mi. Olórí àwọn agẹyìn, Bàbá Akínrìnmádé, ará Ìyànsàn, àgbà kan nínú ìjọ Aládùúrà, rọra béèrè pé, "Sàráà ta ni?"

Ọlọ́run ló mọ ohun tó wọ orí mi. Mo fi ẹ̀rín dá a lóhùn pé, "Ti Ọ̀gá Mánijà ni!"

Àwọn díẹ̀ gbà á, wọ́n jẹ. Àwọn yòókù ní àwọn ti jẹun nílé. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ, ẹni tó tún padà wá gba ẹ̀ẹ̀kejì, ó fi ọwọ́ kan ìtẹ́ agbọ́n láàárín imọ̀ ọ̀pẹ, agbọ́n sì ta á débi pé ojú rẹ̀ dí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó mú abọ́ wá mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá sè fún ogójì ènìyàn rí kò lè mọ ohun tó wà nínú kí ìkòkò padà wálé bó ṣe lọ. Ó máa ń wúwo ju ìgbà tí a gbé e jáde lọ. Lójoojúmọ́ la ń sè, lójoojúmọ́ la ń kó o fún ẹlẹ́dẹ̀ ará abúlé. Nọ́ọ̀sì ń wàásù, wọ́n ń dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìgbà tó bá yí ẹ̀yìn padà wọ́n á lọ jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ pẹ̀lú ebi. Ó lọ bẹ Ọ̀gá Mánijà pé kí ó wá jẹ níwájú wọn. Ọ̀gá ní ẹ̀wà máa ń da òun nínú rú, òun kò sì ní tìtorí agẹyìn ṣàìsàn.

Mo rò pé ọwọ́ mi ni wọn kò fẹ́. Mo rò pé nítorí pé mo jẹ́ Ọ̀yọ́ ni. Àlejò lójú, kò fi ríran. Mo ń tún ẹ̀wà náà ṣe síwájú síi, mo fi epo kún un, mo fi ẹja kún un, mo ń fi ojú wọn iyọ̀ rẹ̀, nítorí mi ò lè tọ́ ọ wò. Àwọn ààfáà wa ní ènìyàn lè fi ahọ́n kàn án kí ó tu ú dànù. Ẹ bá mi wò ó: kí alásè máa tu oúnjẹ dànù níwájú àwọn tó ń bẹ̀rù oúnjẹ náà!

Láàárín èyí ni akọ̀wé ọ́fíìsì ránṣẹ́ pè mí pé wọ́n ń pè mí lórí tẹlifóònù láti Ìbàdàn. Àbúrò mi, Ràímì, ń ṣe mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì kan níbẹ̀. Mi ò gbé nǹkan náà sétí rí. Mo dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ọ! Ṣé kò sí o? Sìdíkátù ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le. Ẹ má pariwo bẹ́ẹ̀, mò ń gbọ́. Ẹbí ọkọ yín wá bá ìyá wa. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò lè máa gbé bí ọmọ òrukàn. Wọ́n ní bí ẹ kò bá wá mú un lọ sí ibi tí ẹ ti ní iṣẹ́ gidi kí ọdún ìtúnu tó dé, àwọn á gbé e lọ sílé Làmídì. Ó lọ nìyẹn. Ẹ kò ní lè gbà á mọ́."

Akọ̀wé ń wo aago rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé iṣẹ́ náà dúró? Ṣé kí n sọ fún wọn pé ó dúró?"

"Ó dúró," ni mo wí. "Sọ fún wọn pé ó dúró digbí. Oúnjẹ mi ni wọ́n ń jà sí."

Irọ́ ni mo pa, nínú oṣù ààwẹ̀. Mo jáde kúrò ní ọ́fíìsì, mo lọ jókòó lẹ́yìn ilé ìdáná, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ọjọ́ méje ló kù kí a túnu. Ọjọ́ kan ló kù nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Mánijà fún wa.

Ibẹ̀ ni Ìyé Mísan ti bá mi. Ó jókòó tì mí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá Ọ̀yọ́, n ó bi ọ́ léèrè, má bínú. Ikú ta lẹ ń pín kiri?"

Mo ní, "Ikú kẹ̀?"

Ó wá là á yé mi. Nínú ìjọ àwọn, bí aríran bá rí ikú tàbí àrùn lórí ènìyàn kan, wọ́n lè ní kí ó se ẹ̀wà, kí ó pín in fún èrò lọ́sàn-án gangan, kí ohun búburú náà lè bá oúnjẹ náà lọ. Sàráà nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀, kì í jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó ni sàráà pàápàá kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Àwọn agẹyìn ti rò ó, ó sì bá ara mu. Ẹnì kan já bọ́ lórí ọ̀pẹ. Ọ̀gá tí kì í fún ènìyàn ní omi mu bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wọn gbogbo ènìyàn lórí òṣùwọ̀n, bí ẹni tó ń pín ẹrù. Wọ́n ní kó wá jẹ, ó kọ̀. Alásè rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ní sàráà Ọ̀gá Mánijà. Ẹni tó sì jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, agbọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?" ni Ìyé Mísan wí. "Ó tó ogún ọjọ́ báyìí tí mo ti ń bá ọ dá iná, n kò rí kí o tọ́ ọ wò rí. Ta ní í se ọbẹ̀ tí kì í tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò?"

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ó ṣe tó fi jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà mi là ń bá ara wa pàdé lójoojúmọ́, kò sì sọ ọ́! Ṣùgbọ́n ìbínú náà kò pẹ́. Èmi ta ni mo sọ tèmi fún? Mo sọ fún un pé mo ń gba ààwẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ̀ẹ́ kí Nọ́ọ̀sì gbọ́. Ó fi ọwọ́ kan èjìká mi.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, Ọ̀gá Mánijà ní bí ìkòkò náà kò bá ṣófo kí ọlọ́dẹ tó ti ilé ìdáná lálẹ́, kí a kó àwọn ìkòkò padà sí ilé ẹrù. Lọ́sàn-án, Nọ́ọ̀sì kó gbogbo agẹyìn jọ. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ sàráà lẹ́nu Ìyé Mísan, àmọ́ Ìyé Mísan kò sọ àṣírí mi. Nọ́ọ̀sì bu ẹ̀wà sínú abọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn.

Ó ní, "Ìyá Ọ̀yọ́, wọ́n ní ìwọ kì í jẹ ẹ́. Jẹ ẹ́ kí wọ́n rí ọ."

Mo gbé ṣíbí sókè. Ogójì ènìyàn ń wo ẹnu mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá já ààwẹ̀ ọjọ́ kan, mo lè san án padà lẹ́yìn ọdún, Ọlọ́run kì í ṣe ìkà. Mo mọ̀ pé ọmọ mi wà lẹ́yìn ṣíbí yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ènìyàn, mo ti sọ ilé nù, mo ti sọ orúkọ nù, èdè ẹnu mi ti di ohun tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Ààwẹ̀ yẹn nìkan ni ohun ilé tó kù lọ́wọ́ mi. Òun nìkan ni mo ń ṣe tí mo mọ̀ pé ìyá mi àti Sìdíkátù náà ń ṣe nǹkan kan náà ní wákàtí kan náà. Mo rọra dá ẹ̀wà inú ṣíbí padà sínú abọ́.

Mo gbé abọ́ náà sílẹ̀.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dìde tí wọ́n lọ. Nọ́ọ̀sì wò mí bí ẹni tí mo gbá létí, ó yí padà, ó lọ. Bàbá Akínrìnmádé nìkan ló kù, ó jókòó lórí kùkùté, ó ń pọ́n àdá rẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, kì í ṣe pé mo ń sá fún un. Mùsùlùmí ni mí. Mo ń gba ààwẹ̀."

Kò gbójú sókè. "Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ kẹrìnlélógún lónìí."

"O sì ń sè fún wa láràárọ̀, ebi ń pa ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Sàráà tí mo sì wí, eré ni mo ń ṣe. Nílé wa, ohun rere ni. Ẹ forí jì mí, n kò mọ̀."

Ó gbé àdá sílẹ̀. Ó wò yí ká, ó wo ọ̀nà tí Nọ́ọ̀sì gbà lọ, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́. "Jímọ̀ lónìí. Èmi náà kò tíì jẹun. Ọjọ́rú àti Jímọ̀, ìjọ wa kì í jẹun títí di aago mẹ́ta. Mo ti gun ọ̀pẹ méje láti àárọ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí nọ́ọ̀sì yẹn bá mọ̀, ìwọ àti èmi ni yóò jọ lé lọ. Nígbà wo lo máa ń ṣínu?"

"Bí oòrùn bá wọ̀."

"Wàá lè fi ìkòkò yẹn ṣínu? Kì í ṣe èyí tó wà ní yàrá rẹ o. Ìkòkò yẹn."

"Ìkòkò yẹn, Bàbá."

"Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ kò gbọdọ̀ purọ́," ni ó wí, ó sì mú àdá rẹ̀ lọ.

Mo rántí irọ́ tí mo pa lórí tẹlifóònù, ojú tì mí.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, àwọn agẹyìn kò lọ sílé. Wọ́n wá ní mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n jókòó sórí koríko níwájú ilé ìdáná. Ìyé Mísan tún iná dá sí ìkòkò. Nọ́ọ̀sì gbọ́, ó wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó káwọ́ gbera. Ọlọ́dẹ dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mo tẹ́ ẹní mi síta, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí mi, mo sì ń wo imọ̀ ọ̀pẹ títí pupa fi kúrò lára rẹ̀. Mo mu omi. Mo ṣe àdúrà mi. Mo ní, "Bísímílláhì," mo bu ẹ̀wà sẹ́nu, mo jẹ ẹ́, mo gbé e mì. Mo rí i tí ọ̀fun àwọn ọkùnrin yẹn ń lọ sókè sódò pẹ̀lú tèmi.

Àfi bí mo ṣe gbójú sókè, tí gbogbo ẹ̀rù kúrò lára mi, tí inú wá ń bí mi.

"Ẹ̀yin ènìyàn wọ̀nyí!" ni mo kígbe. "Ẹ̀wà yìí kò níyọ̀!"

Wọ́n ń wò mí.

"Kò níyọ̀ rárá! Ọjọ́ mélòó ni mo ti ń gbé irú èyí síwájú yín, ẹ kò sì lè sọ fún mi? Ìyé Mísan, o jókòó síbẹ̀! Ẹ gbé iyọ̀ wá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n kú ikú ìtìjú!"

Bàbá Akínrìnmádé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ níkùn rẹ̀, ó gun àyà rẹ̀, ó sì bọ́ sáàárín àwọn yòókù, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Ta ló fi ikú sínú oúnjẹ tí yóò tún máa bínú nítorí iyọ̀? Ó dìde, ó jókòó sórí ẹní mi láìbéèrè, ó bu iyọ̀ sí i, ó rò ó pọ̀, ó sì ti ọwọ́ rẹ̀ bọ inú abọ́ tèmi. "Sún mọ́hùn-ún, ọma mi," ni ó wí, "ebi ń pa èmi náà." Kí n tó ṣẹ́jú, abọ́ ti ń lu ara wọn.

Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ọlọ́dẹ pàápàá jẹ. Ìyé Mísan dojú ìkòkò dé sílẹ̀ kí Ọ̀gá Mánijà lè rí i láàárọ̀. Ó rí i, ó ní "Ó dáa," ó sì kọjá. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó sọ, ó sì tó mi.

Nọ́ọ̀sì kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá jókòó nílé ìdáná, ó ní òun ti wàásù nípa ikùn láìbéèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ni ikùn. Láti ìgbà náà, àwọn tó bá ń gba ààwẹ̀ kì í gun ọ̀pẹ lọ́jọ́ ààwẹ̀ wọn, ẹyìn ni wọ́n ń ṣà nílẹ̀, a ó sì gbé oúnjẹ wọn pamọ́ di aago mẹ́ta. Tèmi, wọ́n gbé e pamọ́ di àṣálẹ́. Nígbà tí wọ́n tún gbé òṣùwọ̀n èkùrọ́ jáde, Bàbá Akínrìnmádé gùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí wọ́n tún un wò, ó wù ú láti gbọ́ bí òun ṣe wúwo sí i.

Mo padà lọ bá akọ̀wé, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi pe Ìbàdàn. Mo sọ fún Ràímì pé irọ́ ni mo pa fún un níjọ́sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ mọ́. Mo ní, "Lọ mú ọmọ mi wá."

Wọ́n dé nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí a túnu, òun àti Sìdíkátù, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn. Ọmọ náà ti ga, ó ti tẹ́ẹ́rẹ́, ó dì mọ́ aṣọ mi, kò jẹ́ kí n rìn. Ọ̀sán ni, ìkòkò wà lórí iná, ogójì ọkùnrin tó ń rùn fún epo pupa ti tò sílẹ̀ pẹ̀lú abọ́ wọn, wọ́n ń pariwo pé kí n má ṣe gbàgbé iyọ̀. Sìdíkátù wo ìkòkò, ó wo èrò. Ó jẹ́ ọmọ ilé wa, ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ń wá jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ló béèrè, ohùn rẹ̀ sì dún ketekete:

"Ìyá mi, sàráà ta ni?"

Ogójì ojú yí sí i. Bàbá Akínrìnmádé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó mú abọ́ ara rẹ̀ tí mo ti bu ẹ̀wà sí, ó gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́.

Ó ní, "Tiwa ni, ọma. Jẹ ẹ́."